Ẹni Tí Oyè Yẹ

Ọmọdé tí ó bá mọ ọwọ́ í wẹ̀ yóò bá àgbà jẹun. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, òfin àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kò fẹ́ kí ènìyàn dúdú di ọ̀gá ológun. Síbẹ̀, àwọn ọ̀gá Walter Tull, ẹni tí bàbá rẹ̀ ti Barbados wá, jẹ́rìí pé oyè náà yẹ ẹ́, nítorí wọ́n ti rí iṣẹ́ rẹ̀ lójú ogun. Ó gbà á ní 1917. Ní Ítálì, ó kó ọmọ ogun 26 sọdá odò Piave lóru, ó sì kó wọn padà láìfarapa. Ó kú sójú ogun ní Faransé, ní oṣù Kẹta 1918. Nítorí náà, bí ẹ bá ń yan olórí, ẹ má ṣe bèèrè ọmọ ta ni. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni kí ẹ wò.