Okùn Ebedmeleki

Ẹ ṣí Bíbélì yín sí Jeremáyà orí 38. Nígbà tí wọ́n sọ wòlíì sínú kòtò ẹlẹ́rẹ̀, Ebedmeleki ará Etiópíà kò bẹ́ sínú kòtò. Ó kọ́kọ́ lọ gbàṣẹ lọ́dọ̀ ọba (òṣìṣẹ́ ìjọba ni, bíi tèmi), ó kó ọgbọ̀n ọkùnrin, okùn àti àkísà. Òkè ni wọ́n dúró sí tí wọ́n fi fa Jeremáyà jáde.

Kànga àti sókàwéè inú agboolé wa ní Ìsàlẹ̀ Èkó ló mú mi sọ èyí. Òṣìṣẹ́ kan wọlé, ó dákẹ́. Ẹnìkejì rẹ̀ pè é títí, ó bẹ́ tẹ̀lé e, òun náà dákẹ́. Kì í ṣe òmùgọ̀ o; ìfẹ́ ló tì í. Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe àǹjọ̀nú ló pa wọ́n: gáàsì ni. Ti inú ẹ̀gbin ń rùn bí ẹyin tó bàjẹ́, ṣùgbọ́n bó bá ti pọ̀ jù, imú kì í gbóòórùn rẹ̀ mọ́. Èyí tó burú jù nínú èéfín jẹnẹrétọ̀ kò ní òórùn rárá. Ní 1986, àjọ NIOSH ti Amẹ́ríkà sọ pé ó lé ní 60 nínú 100 àwọn tó ń kú sí irú ibi bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé ẹlòmíràn ni wọ́n fẹ́ gbà là.

Ní July 1916, gáàsì bú gbàù nínú ihò tí wọ́n ń gbẹ́ lábẹ́ adágún Erie, ní Cleveland. Àwọn tó kọ́kọ́ sáré wọlé láti gbà wọ́n, púpọ̀ nínú wọn kú síbẹ̀. Lóru ni wọ́n ránṣẹ́ pe Garrett Morgan, aláwọ̀ dúdú. Òun àti arákùnrin rẹ̀ Frank wọ ìbòrí amíèémí tó ti gba ìwé àṣẹ lé lórí ní 1914, wọ́n sì gbé èèyàn jáde láàyè. Nígbà tó di ọ̀rọ̀ àmì ẹ̀yẹ, àwọn aláṣẹ ìlú dárúkọ àwọn mìíràn, wọ́n yọ Morgan sílẹ̀. Ó ń dùn mí dòní.

Òfin Ilé Iṣẹ́ wa ti 1987 béèrè ohun èlò ìmí, bẹ́líìtì, àti okùn tí ẹnìkan dì mú níta. Ọmọ ẹlòmíràn tí ẹ gbé wá kó sókàwéè yín, okùn tirẹ̀ dà? Ta ló di orí rẹ̀ mú? Bó bá sì ṣubú sínú rẹ̀, ẹ pe 112 tàbí 767, kí ẹ di ẹni tó fẹ́ bẹ́ tẹ̀lé e mú, bó tilẹ̀ ń sunkún.