Màmá Mi, Yàrá Kan, Àdúrà Méjì

Bóyá inú BRT lẹ wà, bóyá sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ ti dá yín dúró lábẹ́ afárá Òṣòdì, bóyá ẹ kàn ń fọ abọ́ nílé ni, ẹ jẹ́ ká jọ sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá ń gbọ́ tí jẹnẹrétọ̀ ń ké lẹ́yìn ọ̀rọ̀ mi, ẹ má bínú. Wọn ò tíì mú iná dé ládùúgbò wa.

Ẹnì kan nínú yín fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ní: "Sister mi, ẹ máa ń sọ pé ẹ̀sìn Búdà lẹ̀ ń ṣe. Ṣé ó ń ṣiṣẹ́?" Ó parí síbẹ̀. Mo fẹ́ tẹ "bẹ́ẹ̀ ni" kí n sì máa bá iṣẹ́ mi lọ, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ò gbà. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni màmá mi dé láti ọsibítù, wọ́n sì ti gé ọmọ ìka kan lẹ́sẹ̀ ẹ̀. Mo ní kí n má parọ́ fún un. Ìdáhùn mi rèé lónìí, ó gùn díẹ̀.

Fún ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dara pọ̀ mọ́ wa, Ìsọlọ̀ ni mò ń gbé, mo sì ń ta kéèsì fóònù, ṣájà àti íápíìsì ní Òṣòdì. Ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti wà nínú ẹ̀sìn yìí. Oníbàárà mi kan ló mú mi lọ sí ìpàdé. Mo rò pé màá bá ère ńlá kan níbẹ̀ àti àwọn tó fárí kodoro. Pálọ̀ ẹnì kan la bá ara wa, orí àga ike la jókòó sí. Tíṣà wà níbẹ̀, télọ̀ wà níbẹ̀, ọmọ yunifásítì wà níbẹ̀. Kálukú ń sọ ohun tó ń bá fínra àti bó ṣe ń gbìyànjú. Ẹnikẹ́ni ò béèrè owó lọ́wọ́ mi.

Ohun tí à ń ṣe ò le. Láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, a máa jókòó síwájú Gohonzon, ìyẹn ìwé tí wọ́n kọ ní lẹ́tà àwọn ará Ṣáínà àti Íńdíà àtijọ́, tí a gbé kọ́ sínú àpótí kékeré kan. A ó ka apá kan nínú orí kejì àti orí kẹrìndínlógún Lotus Sutra, lẹ́yìn náà a ó máa pe Nam-myoho-renge-kyo léraléra. Nichiren, àlùfáà kan ní Japan, ló kọ́kọ́ kéde ọ̀rọ̀ yìí ní ọjọ́ 28 oṣù kẹrin ọdún 1253. Nam túmọ̀ sí pé mo fi ara mi jìn. Myoho ni òfin ìjìnlẹ̀ tó wà nínú ohun gbogbo. Renge ni òdòdó lotus. Kyo ni ẹ̀kọ́ Búdà tí à ń fi ohùn pè.

Renge ló mú mi lọ́kàn jù. Wọ́n ní inú ẹrẹ̀ ni òdòdó náà ti ń hù, síbẹ̀ ẹrẹ̀ kì í bá a. Ìgbà tí wọ́n fi fọ́tò rẹ̀ hàn mí, mo ní, "Áà, èyí jọ òṣíbàtà!" Ọmọ Yorùbá wo ni ò mọ òṣíbàtà? Tí àwọn àgbà bá ń súre fún wa, òun àti òjúoró ni wọ́n máa ń dárúkọ, pé bí odò ṣe wù kó kún tó, kí àwa náà máa lékè.

Ṣùgbọ́n ẹni tó bá dàgbà ní Ìsọlọ̀ tún mọ ewé orí omi lọ́nà mìíràn.

Ọmọ ọdún méje ni mí ní ọjọ́ Sunday, ọjọ́ 27 oṣù kìíní ọdún 2002. Ilẹ̀ ń ṣú lọ nígbà tí bọ́ǹbù bẹ̀rẹ̀ sí í dún láti ibùdó àwọn ológun ní Ìkẹjà. Gíláàsì fèrèsé wa fọ́. Kò sẹ́ni tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, kò sí Twitter nígbà yẹn, ariwo "ẹ sá" nìkan là ń gbọ́. Màmá mi pọn àbúrò mi, ó fa èmi lọ́wọ́, a bá àwọn èèyàn sáré lọ sí ọ̀nà Òkè-Afá. Ibẹ̀ ni kánààlì wà. Ewéko ti bo ojú omi náà débi pé nínú òkùnkùn, ńṣe ló dà bí ilẹ̀. Àwọn èèyàn sáré wọ inú ẹ̀, àwọn tó wà lẹ́yìn sì ń tì wọ́n. Ó lé ní ẹgbẹ̀rún kan èèyàn tó kú nínú ìṣẹ̀lẹ̀ ọjọ́ yẹn, púpọ̀ nínú wọn ló jẹ́ pé inú kánààlì yẹn ni wọ́n kú sí, ọmọdé sì pọ̀ nínú wọn.

Kí ló dá wa dúró? Bàtà màmá mi ló já. Ó bẹ̀rẹ̀ láti so ó. Kó tó so ó tán, àwọn èèyàn ti ń sáré padà pẹ̀lú ẹkún.

Láti ọdún yẹn, gbogbo oṣù kìíní ni màmá mi máa ń jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì pé Ọlọ́run ló já bàtà òun. Gbogbo ìjọ á pàtẹ́wọ́. Èmi náà á pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí a padà sí iléèwé, àga ẹnì kan ṣófo nínú kíláàsì wa. Bí Ọlọ́run bá já bàtà tiwa, bàtà tiwọn ńkọ́? Mi ò lè béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ìbéèrè yẹn bá mi dàgbà.

Ẹ má rò pé ẹ̀sìn Búdà wá dáhùn ìbéèrè náà fún mi o. Rárá. Ohun tó ṣe fún mi ni pé ó gba ìbéèrè náà láyè láti jókòó. Ẹ gbọ́ ìtàn yìí. Tsunesaburo Makiguchi ni tíṣà tó dá Soka Gakkai, ẹgbẹ́ tí a wà yìí, sílẹ̀ ní Japan ní ọdún 1930, òun àti Josei Toda, ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀. Ní ọdún 1943, nígbà ogun, ìjọba ní kí gbogbo èèyàn gba ohun ìsìn tí ìjọba fọwọ́ sí sínú ilé wọn. Wọ́n kọ̀. Wọ́n jù wọ́n sẹ́wọ̀n. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1944, Makiguchi kú sẹ́wọ̀n, ó ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún. Toda jáde ní oṣù keje ọdún 1945, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà lákọ̀tun.

Ìgbà tí mo gbọ́ èyí, mo sọ fún ara mi pé: bí pípe ọ̀rọ̀ yìí bá jẹ́ oògùn tí ikú ò lè kọjá, ẹni tó dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ò bá má kú sẹ́wọ̀n. Nítorí náà, kì í ṣe òǹdè. Nǹkan mìíràn ni. Kí wá ni? Ọdún tó kọjá ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mọ̀ ọ́n.

Ní oṣù kẹrin ọdún tó kọjá, màmá mi kó wá sọ́dọ̀ mi. Ìtọ̀ ṣúgà ló ń yọ wọ́n lẹ́nu, egbò kan sì wà lẹ́sẹ̀ wọn tí kò fẹ́ jinná. Yàrá kan ni mo ní. Orí pẹpẹ ni àpótí Gohonzon mi wà. Wọ́n gbé Bíbélì àti òróró tiwọn sórí àpótí aṣọ nísàlẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta péré, wọ́n pè mí.

"Ọmọ mi, jókòó. Ṣé o fẹ́ kí ara mi yá?"

"Ẹ̀n, màámi, kí lẹ̀ ń sọ?"

"Gbé nǹkan yẹn kúrò. Ọlọ́run mi kì í bá ẹnì kankan pín ilé."

Kí ni mo fẹ́ sọ? Ẹsẹ̀ wọn ń rùn. Mo rò ó lóru ọjọ́ náà. Bí mo bá kọ̀, tí nǹkan kan sì ṣe wọ́n, gbogbo ẹbí á ní èmi ni mo pa wọ́n. Bí ilẹ̀ ṣe mọ́, mo pa àpótí náà dé, mo fi aṣọ bò ó. Mi ò pe nǹkan kan mọ́, kódà nínú bọ́ọ̀sì.

Kí ló wá ṣẹlẹ̀? Mànàmáná ò kọ, ọjà mi ò jóná. Èmi fúnra mi ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í burú. Mò ń bá kọ̀ndọ́ jà torí ṣéńjì. Mò ń kanra mọ́ oníbàárà. Láràárọ̀, èmi ni mo máa ń fọ egbò màmá mi. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, mo ń ṣe é wàrà-wàrà torí pé mo ti pẹ́. Wọ́n ní, "Rọra, ọmọ mi." Mo ní, "Ṣé èmi ni mo ní kí ẹ máa mu mínírà ni?"

Wọn ò sọ nǹkan kan. Wọ́n kọjú sí ògiri.

Gbogbo ọjọ́ yẹn ní Òṣòdì, ojú ń tì mí. Ìtàn kan tó wà ní orí ogún Lotus Sutra ń wá sí mi lọ́kàn. Ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé gbogbo ẹni tó bá pàdé ló máa ń tẹrí ba fún, pé òun ò ní fojú tẹ́ńbẹ́lú wọn láéláé, torí pé gbogbo wọn ló máa di Búdà. Wọ́n ń bú u, wọ́n ń sọ ọ́ lókùúta. Á sá jìnnà díẹ̀, á tún kígbe ọ̀rọ̀ kan náà sí wọn. Àwa Yorùbá mọ ìkúnlẹ̀, a máa ń kúnlẹ̀ kí àgbà. Láràárọ̀ ni mò ń kúnlẹ̀ síwájú ẹsẹ̀ màmá mi láti fọ ọ́. Ṣùgbọ́n mi ò tẹrí ba fún ẹni tó ni ẹsẹ̀.

Mo délé nírọ̀lẹ́, mo dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin, mo ní, "Màámi, ẹ forí jì mí." Wọ́n ní kí n dìde. Wọ́n wá dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní, "Ohùn tó o fi máa ń gbàdúrà láàárọ̀ yẹn, mi ò gbọ́ ọ mọ́. Ṣé ìwọ náà ò ń ṣàìsàn?"

Ẹ ò ní mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe rí lára mi. Mo ní, "Ẹ̀yin lẹ ní kí n gbé e kúrò." Wọ́n ní, "Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó ò ń ṣe é, o kì í pariwo mọ́ mi."

Ẹ má tíì pàtẹ́wọ́ o. Màmá mi ò di ẹlẹ́sìn Búdà. Títí di òní, lọ́ṣọ̀ọ̀ṣẹ̀ ni wọ́n ń sọ fún mi pé kí n padà sí ṣọ́ọ̀ṣì, èmi náà á ní, "Mo ti gbọ́, mà." Àdéhùn tí a ṣe ni pé wọ́n á gbàdúrà tiwọn ní aago márùn-ún, èmi á pe tèmi ní aago márùn-ún ààbọ̀, ní ohùn jẹ́jẹ́, fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Bíbélì wọn ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí mi lórí pẹpẹ báyìí. Kì í ṣe pé wọ́n gbà fún mi, ìsàlẹ̀ ni òjò ń jò sí ni.

Ẹsẹ̀ ńkọ́? Dókítà gbìyànjú, àwa náà gbìyànjú, ṣùgbọ́n wọ́n gé ọmọ ìka náà. Àdúrà aago márùn-ún ò dá a dúró, tèmi náà ò dá a dúró.

Nítorí náà, ẹni tó bi mí léèrè, ìdáhùn mi nìyí. Ó ń ṣiṣẹ́, lára èmi ni. Mò ń pè é kí ọwọ́ mi lè rọ̀ tí mo bá ń tú báńdéèjì. Bí mo bá fi ọjọ́ méjì sílẹ̀, màmá mi á kọ́kọ́ mọ̀ kí èmi tó mọ̀. Ohun tí mò ń pè ní ìgbàgbọ́ báyìí nìyẹn. Kì í ṣe pé ó dá mi lójú pé gbogbo nǹkan á dáa. Mo kàn tún jókòó láàárọ̀ ọ̀la ni, yálà ó wù mí tàbí kò wù mí.

Bí ẹ bá fẹ́ gbìyànjú, ohunkóhun tó wù kí ẹ̀sìn yín jẹ́, ẹ má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú wákàtí kan. Ìṣẹ́jú márùn-ún tó, kí ẹ tó tan dátà láàárọ̀. Ẹ má sì bá àdúrà yín ná ọjà, pé bí o bá ṣe tibí fún mi, màá ṣe tọ̀hún. Ẹ kàn wo irú èèyàn tí ẹ jẹ́ sí ẹni tó sún mọ́ yín jù lẹ́yìn tí ẹ bá gbàdúrà tán. Ibẹ̀ lẹ ti máa mọ̀.

Ọ̀rọ̀ kan kù. Ní Òkè-Afá, wọ́n kọ́ ibi ìrántí kan fún àwọn tó kú ní ọdún 2002. Màmá mi ní tí ọjọ́ 27 oṣù kìíní bá tún dé, kí n mú àwọn lọ síbẹ̀, pé àwọn ti jẹ́rìí bàtà tó já tó, àwọn fẹ́ lọ kí àwọn tí tiwọn ò já. Wọ́n á mú ọ̀pá dání. Wọ́n á gba tiwọn, èmi á pe tèmi.

Ó dìgbà kan ná. Bí ọ̀rọ̀ yìí bá bá yín mu, ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹnì kan tí òun náà ń tọ́jú aláìsàn nílé. Ẹ kú ìtọ́jú o, ẹ kú àmójúbà.