Orúkọ Àwọn Ìlú Tí Ó Wà Lójú Ọ̀nà Láti Lekki Dé Ajah

Akọ̀wé Ẹgbẹ́ ní kí a wá sọ̀rọ̀ lórí ohunkóhun tí ó bá wù wá nípa ìgbé-ayé òde òní ní agbègbè yìí. Ọ̀rọ̀ tí a bá fún ní irú àyè bẹ́ẹ̀ a máa rìn bí ọmọdé tí a rán níṣẹ́ ní ọjọ́ ọjà: yóò dé ibi tí a rán an, ṣùgbọ́n yóò kọ́kọ́ wo gbogbo ohun tí ó wà lójú ọ̀nà. Nítorí náà, bí a bá yà síhìn-ín tí a sì yà sọ́hùn-ún, ẹ fi orí jì wá.

Ọ̀rọ̀ orúkọ ni a mú wá. Àwọn orúkọ ìlú tí ẹ óò rí nínú ìwé yìí, bí pátákó ojú ọ̀nà ti kọ wọ́n ni a kọ wọ́n, láìfi àmì kankan lé wọn lórí. Ìdí rẹ̀ yóò hàn bí a bá ṣe ń lọ.

Bí ẹnìkan bá sọ fún wa lónìí pé Lekki ni òun ń gbé, ibo ni ó ń gbé? Ó lè jẹ́ Phase 1, tí ó fẹ̀gbẹ́ kan Victoria Island. Ó lè jẹ́ Ikate, tàbí Ilasan, tàbí Agungi, tàbí Ikota. Àwọn kan tilẹ̀ wà ní Sangotedo, tí ó kọjá Ajah, tí wọ́n ń kọ Lekki sí orí lẹ́tà wọn. Bẹ́ẹ̀ ni Lekki gan-an, ìlú tí ó ni orúkọ náà láti ìbẹ̀rẹ̀, wà lọ́hùn-ún ní ìhà ìlà-oòrùn, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ibeju-Lekki, ìrìn tí ó ju 40 kìlómítà lọ sí Phase 1 yìí. Kì í ṣe ìlú tí a lè gbójú fò. Nígbà tí a lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò ní Èkó ní oṣù Kejìlá 1851, tí ó sì tẹ̀dó sí Ẹ̀pẹ́, Palma àti Lekki ni ojú ọ̀nà rẹ̀ sí òkun, ibi tí àwọn òyìnbó oníṣòwò ti ń bá a ná ọjà. Ọ̀rọ̀ èbúté yìí wà nínú àdéhùn tí òun àti Kọ́ńsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jùmọ̀ ṣe ní Ẹ̀pẹ́ ní oṣù Kẹsàn-án 1854, kò sì tó ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà tí ìlú méjèèjì fi bọ́ sí ọwọ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1962 ẹ̀wẹ̀, nígbà tí òfin pàjáwìrì dé bá Ìwọ̀-Oòrùn, Lekki yìí kan náà ni wọ́n mú Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ lọ pé kí ó jókòó sí, ẹni tí ó dá Ẹgbẹ́ Ọmọ Odùduwà sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1945. Ó dá wa lójú pé jíjìnnà ibẹ̀ ni ó wù wọ́n. Ẹni tí ó bá gbọ́ ìtàn yìí lónìí, tí ó sì rò pé Phase 1 ni, yóò máa wò ó pé irú àtìmọ́lé wo ni èyí tí ó ní ilé oúnjẹ ńláńlá ní ìhà méjèèjì!

Báwo ni orúkọ náà ṣe rìn tó bẹ́ẹ̀? Ọ̀nà ni ó gbé e. Ní ìgbà ìjọba Alhaji Lateef Jakande, láàárín 1979 àti 1983, ni a bẹ̀rẹ̀ ọ̀nà ńlá tí a pè ní Lekki sí Ẹ̀pẹ́. Àwọn tí ń ya àwòrán ilẹ̀ fi orúkọ ìlú kan ṣoṣo pe gbogbo ilẹ̀ tóóró tí ó wà láàárín ọ̀sà àti òkun. Àwọn tí ń pín ilẹ̀ sì gba orúkọ náà lọ́wọ́ wọn, wọ́n fi ta ilẹ̀. Lẹ́yìn èyí, ìlú tí ó ti wà níbẹ̀ kí ọ̀nà tó dé wá di ibùdókọ̀.

Ẹ wo ọ̀ràn Maroko. Ní oṣù Keje 1990 ni ìjọba ológun Ìpínlẹ̀ Èkó wó ìlú náà palẹ̀. Iye àwọn tí a lé kúrò nílé, gẹ́gẹ́ bí àwọn tí ó kọ̀wé nípa rẹ̀ ti wí, tó 300,000. Àwọn mìíràn nínú wọn gba ilé ní Ilasan àti Ikota. Ọ̀pọ̀ ni kò rí ohunkóhun gbà. Ní ọdún kan náà, 1990, ni a ya hẹ́kítà 78 sọ́tọ̀ lójú ọ̀nà yìí kan náà fún ọ̀bọ, ọ̀nì àti ẹyẹ, èyí tí a ń pè ní Lekki Conservation Centre. Àwa kò bá ọ̀bọ jà. Inú wa dùn pé igbó kan kù tí a lè mú ọmọ ilé-ìwé lọ wò, a sì ti gun afárá okùn ibẹ̀, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 401, pẹ̀lú ẹsẹ̀ tí ń gbọ̀n. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ní kíláàsì pé kí ni Maroko, ọ̀kan nínú wọn dáhùn pé orílẹ̀-èdè kan ni ní òkè Áfíríkà. Orúkọ ìlú kú ní ìlọ́po méjì: a wó ilé, a sì gba ẹnu tí ń pè é.

Kí ẹ má rò pé gbogbo orúkọ titun ni a kórìíra. Bí ọmọ ọkọ̀ bá ń ké "Jakande! Jakande!", orúkọ ẹni tí ó kọ́ ilé fún mẹ̀kúnnù ni ó ń ké, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ lè má mọ̀. Abraham Adesanya tí ó tẹ̀lé e lọ́nà Ajah, orúkọ àgbà Yorùbá kan ni, aṣíwájú Afẹ́nifẹ́re, tí ó papò dà ní 2008. Èwo ni ó burú nínú ìyẹn? Ohun tí ó ń dùn wá ni ti ibùdókọ̀ tí ó ń jẹ́ Chevron, orúkọ ilé-iṣẹ́ elépo láti Amẹ́ríkà, nígbà tí Igbo-Efon wà nítòsí rẹ̀ tí ó ń wò.

Igbo-Efon yìí ni ó jẹ́ kí a kọ orúkọ láìsí àmì. Ẹni tí ó kà á sí ẹfọ̀n yóò sọ pé ẹranko oníwo ńlá ni ó ti ń jẹ̀ níbẹ̀ rí. Ẹni tí ó kà á sí ẹ̀fọn yóò sọ pé igbó yànmùyánmú ni, ẹni tí ó bá sì dúró níbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ kò ní lè já a nírọ́. Àwọn onílùú ni ó lè dá ẹjọ́ náà, ṣùgbọ́n pátákó kò bi wọ́n. Ajah ńkọ́? Àlejò tí ó bá rí i lójú pátákó lè pè é ní ajá, ó lè pè é ní àjà. "H" tí ó wà ní ìdí rẹ̀ kò sì ràn án lọ́wọ́, nítorí ìyókù ni láti inú ọ̀nà ìkọ̀wé àtijọ́. Ìjọ C.M.S. pe ìpàdé ní Èkó ní oṣù Kìíní 1875 lórí bí a ó ti máa kọ èdè wa. Ìjọba tún fọwọ́ sí àtúnṣe ní 1974, tí ó yọ àwọn lẹ́tà tí kò wúlò kúrò. Ìwé ilé-ìwé gbọ́, pátákó ojú ọ̀nà kò gbọ́: Lekki ṣì ń ru "k" méjì.

Ẹlòmíràn lè wí pé, "Ẹ̀yin olùkọ́ àti àlùfáà, ẹ kò rí ohun mìíràn rò ju àmì lọ? Ẹ kò rí sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ? Ẹ kò rí owó epo?" A rí i, a sì ń jókòó nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a sọ ohun tí orúkọ lè ná ènìyàn. Ní ìgbà ẹ̀rùn tí ó kọjá, ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ wa méjì gba ìwé láti lọ kọ́ṣẹ́ olùkọ́ ní ìlú Lekki. Wọ́n tẹ orúkọ náà sínú fóònù, fóònù fi ọ̀nà hàn, awakọ̀ tẹ̀lé fóònù, ó sì já wọn sílẹ̀ ní Phase 1 pẹ̀lú ẹrù àti ìkòkò ìdáná wọn. Owó ọkọ̀ wọn ti tán. Ọgbọ́n ẹ̀rọ náà kò kéré. Orúkọ tí a fún un ni ó dàrú.

Àwa kì í ṣe ọ̀tá ẹ̀rọ. Láti 1886 ni okùn tẹlígíráàfù ti gba abẹ́ òkun so Èkó mọ́ Lọ́ńdọ̀nù, ní oṣù Kẹrin 2022 sì ni okùn Google dé sí Èkó, èyí tí wọ́n fi orúkọ Olaudah Equiano pè, ẹni tí a tà lẹ́rú tí ó sì di òǹkọ̀wé. Ẹ wo bí òyìnbó ti mọ iyì orúkọ: okùn lásán, wọ́n wá orúkọ tí ó ní ìtàn fún un! Láti 2013 ni ẹ̀rọ ìtumọ̀ Google ti gba Yorùbá, ní 2019 ni ẹ̀rọ afọ̀nàhàn wọn sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ohùn Nàìjíríà sọ̀rọ̀. Síbẹ̀, ohun tí a kò kọ, ẹ̀rọ kò lè kà á. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta 2024, okùn mélòó kan já lábẹ́ òkun ní ìhà Ivory Coast. Ilé ìfowópamọ́ dákẹ́, ọ̀pọ̀ fóònù dákẹ́. Awakọ̀ kan tí ń bọ̀ wá wa ní ọjọ́ náà sọ̀kalẹ̀, ó bi ìyá kan tí ń yan ẹja léèrè ọ̀nà, ìyá náà sì fi orúkọ mẹ́rin darí rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà wa. Kò sí èyí tí ó wà lójú pátákó nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Ọ̀ràn náà tún kọjá ti ọ̀nà. Àwọn àgbà kì í fi orúkọ ilẹ̀ ṣeré: bí wọ́n bá pe ibì kan ní àbàtà, wọ́n ti rí omi níbẹ̀. Oníṣòwò ilẹ̀ dé, ó da yanrìn sí i, ó fi orúkọ òyìnbó tí ó túmọ̀ sí ọgbà òdòdó pè é, ó tà á fún ọmọ wa tí ó fi gbogbo owó iṣẹ́ rẹ̀ rà á. Òjò oṣù Keje ni yóò wá sọ orúkọ ilẹ̀ náà fún un. Ẹ sì rántí pé èbúté ńlá ti ṣí ní Ibeju-Lekki ní oṣù Kìíní 2023, ilé ìfọpo Dangote tẹ̀lé e ní oṣù Karùn-ún, ọ̀nà etíkun tí yóò dé Calabar, nǹkan bí 700 kìlómítà, sì bẹ̀rẹ̀ ní 2024. Ibi tí ọ̀nà bá gbà ni ìwé owó gbà-má-bínú ń gbà. Abúlé tí orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ìwé, tàbí tí a kọ ọ́ ní oríṣi mẹ́ta nínú ìwé mẹ́ta, kí ni yóò fi hàn adájọ́ pé òun wà?

Ohun tí a wá bẹ̀bẹ̀ fún kò pọ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa yóò jáde ní ọjọ́ Sátidé, méjì-méjì, láti Ikate dé Badore, Langbasa àti Okun-Ajah. Kí olóyè kọ̀ọ̀kan yan àgbà méjì, ọkùnrin kan àti obìnrin kan, tí yóò pe orúkọ àdúgbò, odò, ọjà àti igbó sínú fóònù, kí a gbọ́ ohùn rẹ̀, kí a tó kọ ọ́ pẹ̀lú àmì. Bí ìdílé méjì kò bá fohùn ṣọ̀kan, a ó kọ ti àwọn méjèèjì. Àwa kò wá dá ẹjọ́ ilẹ̀. Àwòrán ayé kan wà tí ń jẹ́ OpenStreetMap, tí a dá sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 2004, tí ẹnikẹ́ni lè fi orúkọ ìlú rẹ̀ sí lọ́fẹ̀ẹ́. Ibẹ̀ ni a ó kọ́kọ́ fi wọ́n sí, ẹ̀dà kan yóò lọ sí ààfin kọ̀ọ̀kan, òmíràn sí ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀. Ìwé ńlá tí a mú wá wà lórí tábìlì Akọ̀wé níwájú yín, a ti fa ìlà sí i. Kí ẹni tí ìlú rẹ̀ súnmọ́ ibí jù lọ kọ́kọ́ wá.