Ọ̀yà Òkè Òkun: Bí Ó Ṣe Yẹ Kí Ọgbà Ẹranko Fi Ẹranko Gúúsù Amẹ́ríkà Hàn Wá

  

Nígbà kan tí mo wà nílùú òyìnbó, mo wọ ọgbà ẹranko kan tí n kò ní dárúkọ. Mo dúró síwájú ibi tí wọ́n kó àwọn ẹranko Gúúsù Amẹ́ríkà sí. Capybara méjì dùbúlẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì, àwo omi kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn tí kò lè mu wọ́n dé orúnkún. Ìyá kan tó ń fi èdè Ẹ̀pẹ́ bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ wá dúró tì mí. Ọmọ náà na ìka, ó pariwo: "Mọ́mì, ọ̀yà!" Ìyá ní kó dákẹ́: "Ọ̀yà wo ló tóbi tó báyìí?" Mo wo pátákó tí wọ́n kàn mọ́ ara ọgbà náà. Orúkọ ẹranko, ilẹ̀ tó ti wá, bó ṣe wúwo tó. Ó parí.

Ọmọ yẹn ló jàre, pátákó ni kò sì jẹ́ kí ìyá rẹ̀ mọ̀. Ìdílé ńlá kan náà ni ọ̀yà àti capybara ti jáde. Àwọn onímọ̀ gbà pé láti Áfíríkà ni baba ńlá capybara ti sọdá, ní nǹkan bí 40 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, lórí pápá igi àti koríko tí odò ya dànù sójú òkun. Òkun Àtìláńtíìkì kò fẹ̀ tó báyìí nígbà náà. Ẹni tó bá ti rí i bí afẹ́fẹ́ ṣe ń ti odidi erékùṣù koríko kiri lórí ọ̀sà wa ní Ẹ̀pẹ́ níhìn-ín, tí ejò àti ẹyẹ gùn ún bí ẹni wọkọ̀, kò ní pe ọ̀rọ̀ yìí ní àlọ́. Ẹ bi ẹni tó ń sin ọ̀yà léèrè: oṣù márùn-ún ni oyún rẹ̀, ọmọ rẹ̀ a sì la ojú wáyé, pẹ̀lú irun lára. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ti capybara. Eku ilé ńkọ́? Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré, ọmọ pupa tí ojú rẹ̀ dì.

Èyí ni mo fi ń díwọ̀n ọgbà ẹranko. Kì í ṣe bí ẹranko ibẹ̀ ṣe ṣọ̀wọ́n tó. Ohun tí mo ń wò ni bóyá ẹranko náà rí àyè ṣe iṣẹ́ tí a dá a mọ́. Awọ wà láàárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ capybara. Ojú, etí àti ihò imú rẹ̀ wà lókè orí, kó lè ri ara sómi kó sì máa ṣọ́ wa. Inú omi náà ni akọ ti ń gun abo. Ẹ wá gbé irú ẹ̀dá bẹ́ẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì, ẹ ní ẹ ti fi hàn wá. Awọ rẹ̀ nìkan lẹ fi hàn.

Mo ti gbọ́ nípa ibi tí wọ́n ti ṣe é dáadáa. Ní ilé ẹja Tennessee Aquarium, ní ìlú Chattanooga, Amẹ́ríkà, ẹja oníná odò Amazon kan wà lọ́dún 2019 tí wọ́n ń pè ní Miguel Wattson. Lọ́dún náà, bó bá ti ta iná jáde lára, ẹ̀rọ inú omi á gbọ́ ọ, gílóòbù igi Kérésìmesì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ á sì máa ṣẹ́jú. Iná ara ẹja kọ́ ló ń tan gílóòbù o, ẹ̀rọ ló ń túmọ̀ fún wa. Ọmọ apẹja Ẹ̀pẹ́ kò ní bèèrè àlàyé púpọ̀ níbẹ̀, torí ẹni tí òjìjí bá ti gbọ̀n lọ́wọ́ rí kì í gbàgbé. Ohun tí n óò fẹ́ kọ sí pátákó ibẹ̀ ni pé òjìjí àti ẹja yẹn kì í ṣe ọmọ ìyá, olúkúlùkù ló dá iná tirẹ̀ dá.

Nílé wa níhìn-ín, ọgbà ẹranko Yunifásítì Ìbàdàn ni ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin olùkọ́ ń kó ọmọ lọ. Ọdún 1948 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ fún àwọn tó ń kọ́ ìmọ̀ ẹranko, ó sì di ọgbà gidi lọ́dún 1974. Kìnnìún làwọn ọmọ máa ń sáré bèèrè níbẹ̀, mi ò sì bá wọn wí. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá fẹ́ kọ́ wọn ní Gúúsù Amẹ́ríkà, ẹ̀yìnkùlé yín ti tó. Pẹ́pẹ́yẹ olójú pupa ṣáká-ṣàkà yẹn, tí kì í ké bíi pẹ́pẹ́yẹ òyìnbó, tó kàn ń mí họ̀ọ̀-họ̀ọ̀ bí ẹni tí inú ń bí, tó sì lè fò gun orí páànù lọ sùn, ọmọ ibẹ̀ ni. Àwọn onílẹ̀ ibẹ̀ ti ń sìn ín kí Columbus tó débẹ̀ rárá. Ọjọ́ 35 ló fi ń sàba; pẹ́pẹ́yẹ yòókù, ọjọ́ 28.

Àlejò Gúúsù Amẹ́ríkà tó ṣe wá lóore jù lọ kò tó hóró ìrẹsì. Láti Gúúsù Amẹ́ríkà ni ẹ̀gẹ́ ti wá. Nígbà tó yá, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, kòkòrò funfun bí ìyẹ̀fun kan tẹ̀ lé e wọ Kóńgò, kò sì mú ọ̀tá rẹ̀ dání. Ó jẹ oko dé ọ̀dọ̀ wa. Onímọ̀ kòkòrò Hans Herren àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé ìwádìí ọ̀gbìn IITA n'Ìbàdàn fi agbọ́n tín-tìn-tín kan láti Paraguay lé e: agbọ́n náà a yé ẹyin sínú kòkòrò yẹn, ọmọ rẹ̀ a sì jẹ ẹ́ láti inú wá. Lọ́dún 1981 ni wọ́n kọ́kọ́ tú u sílẹ̀, ní Nàìjíríà níbí. Herren gba ẹ̀bùn World Food Prize lọ́dún 1995. Gbogbo ẹni tó jẹ gààrí láàárọ̀ yìí jẹ agbọ́n náà ní gbèsè, mi ò sì tíì rí ọgbà ẹranko tó kọ orúkọ rẹ̀ sára ògiri.

Ọ̀kan kù. Koríko olódòdó elésè àlùkò tó ń dí ọ̀nà ọkọ̀ ojú omi ní Ìkòròdú, Amazon lòun náà ti wá. 1984 la rí i nínú omi Èkó. Ní Ìkòròdú, iyọ̀ òkun máa ń pa á nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ṣùgbọ́n omi Ẹ̀pẹ́ níhìn-ín kò níyọ̀, nítorí náà kò ní ìsinmi. IITA tú kòkòrò ẹlẹ́nu gígùn kan tó ń jẹ ẹ́ sílẹ̀ ní Bẹ̀nẹ̀ lọ́dún 1991, Nàìjíríà náà sì ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn náà. Ewé méjì ni mo já létí omi kí n tó wọlé, wọ́n wà nínú abọ́ lórí tábìlì yìí. Àpá róbótó-róbótó tí ẹ óò rí lójú wọn, bí ìgbà tí wọ́n fi èékánná ha á, iṣẹ́ ẹnu kòkòrò náà nìyẹn. Ọ̀kan nínú àwọn kòkòrò náà fara pamọ́ sídìí ewé. Mo ti rò pé ó kú, àfìgbà tí mo fọwọ́ tọ́ ọ tó gbé ẹsẹ̀. Ẹ máa bọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan wá wò ó. Tábìlì yìí ò lágbára.