Bí Ilé Bá Dákẹ́, Kí Kíláàsì Má Dákẹ́: Olùkọ́ àti Ọmọ Tí Ọ̀fọ̀ Ṣẹ̀



Ní ọjọ́ 18 oṣù Kejìlá ọdún 2024, àwọn ọmọdé rọ́ lọ sí Islamic High School ní Baṣọ̀run, Ìbàdàn, fún àríyá ọdún Kérésìmesì. Èrò pọ̀ ju àyè lọ, wọ́n tẹ ara wọn mọ́lẹ̀, ọmọ 35 sì kú. Nígbà tí ilé ìwé wọlé ní oṣù Kìíní ọdún 2025, àwọn tó yè é àti àwọn tí àbúrò tàbí ẹ̀gbọ́n wọn kò padà wálé tún ní láti gbé báàgì kọ́ èjìká lọ sí kíláàsì. Irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ mi dá lé.

Àṣà wa mọ bí a ṣe ń ṣọ̀fọ̀ àgbà. Bí arúgbó bá papò dà, a ó se, a ó jó, gbogbo ẹbí ni yóò sì sọ tẹnu wọn. Òkú ọmọdé kò rí bẹ́ẹ̀. Òfò ni, wéré la ń sin ín, a kì í sì í fẹ́ kí òbí mọ ojú oórì rẹ̀. Àánú òbí ló mú kí àwọn baba wa ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ń bá àbúrò rẹ̀ sùn lórí ẹní kan kò mọ ìdí àṣà. Ohun tó rí ni pé àbúrò òun pòórá, ẹnikẹ́ni kò sì dárúkọ rẹ̀ mọ́. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ olùkọ́ ti bẹ̀rẹ̀.

Èkíní, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ sọ òótọ́. Ọmọ tí a sọ fún pé òkú ń sùn lè bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù oorun. Èyí tí a sọ fún pé olóògbé rìnrìn àjò yóò máa retí rẹ̀. Ọmọdé kì í tètè mọ̀ pé ikú kò lábọ̀, nítorí náà yóò bi yín léraléra. Ẹ dá a lóhùn ṣókí: "Ó ti kú. Kò ní lè padà wá. Kì í ṣe ìwọ lo fà á." Ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń rò pé ìjà tí àwọn bá olóògbé jà ló pa á. Ẹ má sì ṣàdédé yọ orúkọ olóògbé kúrò nínú rẹ́jísítà. Ẹ kọ́kọ́ bá kíláàsì sọ ọ́.

Èkejì, ojú lọ̀rọ̀ wà: ẹ máa ṣàkíyèsí ọmọ. Ọmọ lè sunkún láàárọ̀ kó gbá bọ́ọ̀lù lọ́sàn-án. Kò túmọ̀ sí pé ó ti gbàgbé. Inú lè máa run ún, ó lè máa jà, ó lè máa tòògbé, ó sì lè ta gìrì bí ilẹ̀kùn bá pa dé. Oríkunkun la máa ń pe èyí, a ó sì nawọ́ sí pàṣán. Ẹgba kì í lé ẹ̀rù lọ, ńṣe ló ń fi kún un.

Ẹ̀kẹta, ìwé ìtọ́sọ́nà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní ọdún 2011 fún ìrànwọ́ àkọ́kọ́ fún ọkàn lẹ́yìn àjálù pín iṣẹ́ yìí sí mẹ́ta: wò, gbọ́, kí o sì so ènìyàn pọ̀ mọ́ ìrànlọ́wọ́. Kí ọmọ tó padà, ẹ bi òbí rẹ̀ ohun tí wọ́n fẹ́ kí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbọ́. Ẹ bá ọmọ náà fohùn ṣọ̀kan lórí àmì tí yóò fi tọrọ àyè láti jáde díẹ̀. Ẹ dín iṣẹ́ àmúrelé rẹ̀ kù, ṣùgbọ́n ẹ má yí agogo àti ètò ojoojúmọ́ padà. Ohun tí ọmọ mọ̀ tẹ́lẹ̀ ló ń fi í lọ́kàn balẹ̀. Ẹ má fipá mú un ròyìn ohun tó rí. Bí oṣù kan bá kọjá tí àlá burúkú kò dáwọ́ dúró, ẹ darí òbí sí ilé ìwòsàn bíi University College Hospital (UCH) ní Ìbàdàn tàbí ilé ìwòsàn ọpọlọ tó wà ní Àró, Abẹ́òkúta. Bí ọmọ náà bá ní òun fẹ́ tẹ̀ lé olóògbé lọ, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ wá ìrànlọ́wọ́.

Olùkọ́ náà lẹ́mìí lára. Nígbà tí àwọn ajínigbé dá ọkọ̀ ilé ìwé kan dúró ní Èmùré-Èkìtì ní oṣù Kìíní ọdún 2024, àtọmọ àtolùkọ́ ni wọ́n kó lọ. Ẹni tí ẹ̀rù ń bà kò lè tu ọmọ nínú pẹ́ títí.

Nítorí náà ni mo ṣe ń bẹ ìjọba àti àwọn tó ni ilé ìwé: ẹ gba olùdámọ̀ràn tó kọ́ṣẹ́ sí ilé ìwé kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì kọ́ àwọn olùkọ́ ní bí a ṣe ń tọ́jú ọmọ tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ kí àjálù mìíràn tó dé. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ má dúró de ìjọba. Ọmọ kan wà ní kíláàsì yín tó ń retí kí ẹnì kan bi í léèrè. Ẹ bi í.