Òfin Oko Lára Ẹni Tó Sá: Ohun Tí Fíìmù Sean Durkin Fi Hàn Wá

Fíìmù kan ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí: Martha Marcy May Marlene. Sean Durkin ló kọ ọ́, òun náà ló darí rẹ̀. Níbi àjọ̀dún fíìmù Sundance, ní oṣù kìíní ọdún 2011, ni wọ́n ti kọ́kọ́ fi han aráyé, Durkin sì gba àmì-ẹ̀yẹ olùdarí níbẹ̀.

Ìtàn náà kò lọ́jú pọ̀. Martha, tí Elizabeth Olsen ṣe, sá kúrò ní oko kan tí agbo kan ń gbé ní agbègbè òkè Catskill, ní ìpínlẹ̀ New York. Bó ṣe ń jẹun nílé oúnjẹ kan nígboro, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ agbo bá a níbẹ̀, ó bá a sọ̀rọ̀, ó sì fi í sílẹ̀. Kò wọ́ ọ padà. Martha pe Lucy ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí fóònù, Lucy sì wá gbé e lọ sí ilé kan létí adágún ní Connecticut, níbi tí òun àti Ted ọkọ rẹ̀ ti ń lo ìsinmi. Oúnjẹ wà, bẹ́ẹ̀dì wà. Lójú Lucy, ọ̀rọ̀ bùṣe. Ibẹ̀ gan-an ni fíìmù náà ti bẹ̀rẹ̀ lójú tèmi, nítorí ẹsẹ̀ Martha nìkan ló tíì kúrò lóko.

Ẹ jẹ́ ká wo irú òfin tó ń darí oko náà. Patrick, tí John Hawkes ṣe, ni olórí agbo. Kò pe ara rẹ̀ ní wòlíì. Gìtá ló ń ta, ohùn rẹ̀ kì í sì í ròkè. Ọkùnrin ló ń kọ́kọ́ jẹun lóko. Obìnrin á dúró títí wọn ó fi jẹ tán. Aṣọ kò ní olówó, gbogbo wọn ló jọ ń wọ̀ ọ́. Nígbà tí Martha dé, Patrick wò ó, ó ní Marcy May ló jọ lójú òun. Bó ṣe di Marcy May nìyẹn. Àwa tí a ń kó obì, orógbó, oyin àti iyọ̀ jọ, tí ẹbí ń sọ owó sínú omi kí wọ́n tó fún ọmọ lórúkọ, ó yẹ kí ara wa bù máṣọ níbi yìí. Tí fóònù bá sì dún lóko, obìnrin yòówù tó bá gbé e, Marlene Lewis ló ń jẹ́.

Wọ́n fún Martha ní ohun mímu tó ń kunni lóorun, Patrick sì fipá bá a lò pọ̀. Lẹ́yìn náà, àwọn obìnrin yòókù wá rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún pé ohun rere ni, pé gbogbo àwọn ló ti là á kọjá. Nígbà tó yá, ọmọbìnrin tuntun kan, Sarah, dé. Ta ló po ohun mímu náà fún Sarah? Martha ni. Irú ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi tu òun náà nínú ló fi tu ọmọ yìí nínú. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ níbí. Gbogbo wa la mọ bí a ṣe ń ṣàánú ẹni tí wọ́n ṣe níkà. Ẹni tí wọ́n ṣe níkà tí òun náà sì ti bá wọn ṣe é fún ẹlòmíràn ńkọ́? Báwo ni yóò ṣe lanu sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀? Ọ̀rẹ́kùnrin kan ni Martha sọ pé òun ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹ̀rù Patrick wà nínú irọ́ yẹn lóòótọ́, àmọ́ mo gbà pé ìtìjú ibẹ̀ pọ̀ ju ẹ̀rù lọ.

Durkin kì í sọ fún wa tó bá ń padà sẹ́yìn sí ìgbà tí Martha wà lóko. Àwọ̀ kò yí padà, kò sí ọdún tó hàn lójú fíìmù. Martha fò sínú adágún ní Connecticut, omi oko ló bọ́ sí. Ó bi Lucy pé ṣé kì í ṣe é bíi pé kò mọ̀ bóyá ohun kan ṣẹlẹ̀ lóòótọ́ tàbí àlá ni. Àwa tí a ń wò ó ti wà nínú ìdààmú yẹn kó tó béèrè.

Nílé Lucy, Martha wẹ̀ níhòòhò lójú gbangba. Ó wọ yàrá tọkọtaya nígbà tí wọ́n ń bára wọn sùn, ó sì dùbúlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Lucy figbe ta, mi ò sì dá a lẹ́bi. Ted ní tirẹ̀ fẹ́ mọ iṣẹ́ tí Martha máa ṣe láyé. Ìbáwí ló ń jáde lẹ́nu wọn, wọ́n rò pé ìbéèrè ni. (Nílé wa níbí, wọn ì bá ti gbé e lọ sórí òkè àdúrà kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, kí olórí agbo mìíràn lè gbà á.)

Ní ìparí, wọ́n ń gbé Martha lọ síbi ìtọ́jú. Ọkùnrin kan kọjá níwájú ọkọ̀ wọn, ó wọ ọkọ̀ tirẹ̀, ó sì ń bọ̀ lẹ́yìn wọn. Ojú fíìmù ṣókùnkùn, ó tán. Mo ti gbọ́ tí àwọn ènìyàn ń bínú pé Durkin jí ìparí ìtàn gbé. Ẹ dákun, ṣé Martha fúnra rẹ̀ mọ̀ bóyá wọ́n ń lé òun? Fíìmù náà parí síbi tó yẹ kó parí sí. Ẹ wá a wò, àmọ́ ẹ má jẹ̀ẹ́ kí ọmọdé bá yín wò ó.