Omi Là Ń San Owó Ọkọ̀ Fún

Ẹ jẹ́ ká jọ ṣírò díẹ̀ kí n tó sọ̀rọ̀.

Nínú kílò 100 ẹ̀gẹ́ tútù, ó lé ní 60 tó jẹ́ omi. Bí a bá rin ín, tí a fún un, tí a yan án, kílò 20 sí 25 ni gàrí tó máa ń kù. Síbẹ̀ ọkọ̀ ń di ẹ̀gẹ́ tútù ní Èrúwà àti Igbó-Ọrà, ó ń forí lé ọ̀nà jíjìn. Omi là ń san owó ọkọ̀ fún! Ẹ̀gẹ́ tí a hú kì í sì pé ju ọjọ́ méjì sí mẹ́ta lọ kó tó bàjẹ́. Bí ọkọ̀ bá rì sẹ́rẹ̀, gbèsè dé. Láti ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti tán, ta ni kò mọ bí owó ọkọ̀ ṣe ń jẹ èrè oko? Lítà dísẹ́ẹ̀lì kan tó bá jó sì ń tú bíi kílò 2.7 afẹ́fẹ́ káríbọ́ọ̀nù sójú ọ̀run.

Ó dára ká gbẹ omi náà nù nítòsí oko. Bẹ́ẹ̀ ni Arábìnrin Yẹmisí Ìranlóyè ṣe nígbà tó gbé ilé-iṣẹ́ Psaltry tó ń ṣe sítáàṣì sí Adó-Àwáyé, ládùúgbò Ìṣẹ́yìn, láàárín àwọn àgbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ibi tó kàn mí lọ́kàn nìyí. Epo tí awakọ̀ kò jó mọ́, igi inú igbó wa ni yóò dípò rẹ̀ lábẹ́ agbada gàrí. Omi ẹ̀gẹ́ tí a fún ní májèlé sáyánáìdì nínú, odò ló sì máa ń ṣàn lọ. Oníṣòwò jèrè owó ọkọ̀, ìyá tó ń yan gàrí jẹ èéfín. Ìṣirò wo nìyẹn? Èmi òṣìṣẹ́ ìjọba mọ̀ pé ìwé ìnáwó kì í ní àyè fún ojú tó ń ta ènìyàn.

Nítorí náà, bí a bá ń dáwó ẹbu gàrí, kó má jẹ́ owó ẹ̀rọ nìkan. Ààrò tó ní ọ̀nà èéfín, kòtò omi ẹ̀gẹ́ tó jìnnà sódò àti kànga, igi tí a ó gbìn dípò èyí tí a gé: kí gbogbo rẹ̀ wọ iye tí a ó máa ta gàrí. Àpò kan yóò wọ́n díẹ̀ sí i. Kí oníṣòwò tó jèrè owó ọkọ̀ san án.